Okùn Kànga ní Ìjọ́kà

Oyèkúnlé fi owó ránṣẹ́ láti ìlú òtútù,
ó ní kí Wàídì wá ri ẹ̀rọ sínú kànga mi.
Ọjọ́ kan péré. Kí oòrùn tó wọ̀,
táǹkì dúdú ti gun orí òpó irin mẹ́rin
bí adìyẹ tó sàba,
omi sì ti ń dà nínú ilé ìdáná.
Wàídì ní, "Ìyá, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò."
Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́.
Ìka kan!
Èmi tí mo fi ọwọ́ méjèèjì àti ẹ̀yìn ra omi yìí.

Ẹ má gbọ́ mi lódì o.
Orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́
ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Oyèkúnlé ṣáájú ẹnu mi.
Mo ti fọ aṣọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan
láì pe ọmọ ẹnikẹ́ni.
Ta ló fẹ́ padà sábẹ́ ìyà?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ bí kànga náà ṣe dé.

Ọdún tí a kó dé ibí, ilé kò tíì lórùlé tán,
Bàbá Oyèkúnlé bọ́ ẹ̀wù, ó wọ inú ilẹ̀ lọ
pẹ̀lú dígà àti ọkọ́ tó gé èèkù rẹ̀ kúrú.
Èmi wà lókè, mò ń fa erùpẹ̀.
Garawa kan. Garawa kan.
Erùpẹ̀ dúdú ló kọ́kọ́ wá, pupa tẹ̀ lé e,
lẹ́yìn náà, funfun bí ẹ̀kọ tí kò jinná.
Ọjọ́ kẹsàn-án, dígà dún kọ̀ọ́: àpáta.
Ará àdúgbò ní ká dí i, ká máa pọnmi lódò.
Bàbá Oyèkúnlé kò dá wọn lóhùn,
ó ń kan òkúta náà
bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé àna rẹ̀.
Èmi náà lóṣòó sẹ́nu kànga
bí oṣómàáló tó wá sin gbèsè,
mo ní, ilẹ̀ yìí, wàá san án.

Ọjọ́ kejìdínlógún ni ohùn rẹ̀ yí padà nísàlẹ̀.
Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ìbíyẹmí,
ilẹ̀ ń tutù sí mi lẹ́sẹ̀."
Garawa tí mo fà lẹ́yìn ìyẹn, ẹrẹ̀ ni,
mo sì mu ún.
Mo mu ẹrẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi,
mi ò tíì mu ohun tó dùn tó o.

Omi táǹkì mọ́ ju ìyẹn lọ.
Inú kànga kan náà ló ti wá.
Mo tọ́ ọ wò, mo tún tọ́ ọ wò,
n kò mọ ohun tó dín nínú rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, tiransifọ́mà wa jó.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Táǹkì ń dún bí agolo òfìfo.
Ìfẹ́dọlápọ̀ tó gba yàrá ẹ̀yìn,
akẹ́kọ̀ọ́ ni, èékánná rẹ̀ gùn bí ti àṣá,
ó wá sẹ́bàá kànga, ó di okùn mú
bí ẹni di ìrù ejò mú.
Ó ju ìfami. Ó léfòó. Ó tún jù ú.
Mo jókòó, mo pa ẹnu mọ́.
Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó gbọn ọwọ́ díẹ̀,
ìfami dojú dé, omi gbé e mì.
Èékánná méjì ṣẹ́. Aṣọ rẹ̀ tutù rinrin.
Ààbọ̀ garawa ló kù nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi,
ó gbé e síwájú mi
bí ẹni ń gbé ìkókó han bàbá rẹ̀.
"Ìyá, ẹ wò ó! Èmi ni mo fà á!"
Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń rẹ́rìn-ín,
mo wo ojú rẹ̀ títí, n kò lè sọ̀rọ̀.

Iná ti padà dé. Mo ń tẹ suwíìṣì, n kò ní parọ́.
Ṣùgbọ́n Wàídì fẹ́ fi kọnkéré dí ẹnu kànga,
mo lé e.
Láàárọ̀ Sátidé, lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbọ́ ọ:
okùn ń há sínú ojú ipa
tí okùn tèmi ti gbẹ́ sétí sìmẹ́ǹtì.
Táǹkì kún.
Ẹnìkan ń fami.